Àwo Mẹ́wàá, Ojú Ọ̀nà Kan

"Bí ẹ bá ju méjì nínú àwo wọ̀nyí, tí ọ̀kan ya ọ̀tún, tí èkejì ya òsì, ẹ má pè mí ní Láyí mọ́! Ẹ pè mí ní ìdérí bókẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ sì gbé mi lé bókẹ́ẹ̀tì lórí!"

Ọ̀gá Láyí ló sọ bẹ́ẹ̀, láàárọ̀ Sátidé kan, lórí pápá ilé-ìwé kan ní Yábàá. Ọláyíwọlá ni ìyá rẹ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n ta ló ráyè pe gbogbo ìyẹn tán ní Mùṣín? Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, bí ẹni tó fẹ́ tà á.

"Ṣé ẹ̀ ń wo ọwọ́ yìí? Òṣùwọ̀n ni! Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti fi ń wọn rọ́bà, kò tíì ṣì mí rí. Òyìnbó ń lo kọ̀ǹpútà, èmi ń lo àtẹ́lẹwọ́. Àwo mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló wà nínú páálí yìí, bí ìbejì ni gbogbo wọn. Ẹ dúró ná, ìbejì máa ń yàtọ̀ díẹ̀. Tèmi ò yàtọ̀ rárá!"

Àwọn tó yí i ká pàtẹ́wọ́. Wọ́n tó mẹ́wàá, ọ̀dọ́ ni gbogbo wọn, bàtà eré sì ni gbogbo wọn wọ̀. Christabel ni olórí wọn, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń wo nǹkan lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbà pé ó rí i. Eré tí wọ́n ń ṣe kò le: èèyàn á dúró síbì kan, á ju àwo rọ́bà pẹlẹbẹ sí agbọ̀n irin kan tí wọ́n so ṣéènì mọ́ lókè, tó wà lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹni tí ìjù rẹ̀ kéré jù kí àwo tó wọlé ló borí. Àwo tí wọ́n ń rà láti òkè òkun máa ń pẹ́ lójú ọ̀nà débi pé kó tó dé, apá ẹni tó fẹ́ jù ú á ti bẹ̀rẹ̀ sí í dun ẹni náà. Ni ẹgbẹ́ wọn bá jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ móòdù irin kan, wọ́n gbé e lọ fún Ọ̀gá Láyí ní Mùṣín pé kó máa fi da àwo fún àwọn.

Ó sì da mẹ́fà àkọ́kọ́ ránṣẹ́. Ẹ̀yin èèyàn, mẹ́fà yẹn! Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ tààrà, nígbà tí agbára wọn fẹ́ẹ́ tán, wọ́n tẹ̀ sósì díẹ̀ bí ọmọ tó ń kí àgbà, wọ́n sì balẹ̀ síbì kan náà. Christabel pariwo lórí fóònù tó bẹ́ẹ̀ tí Ọ̀gá Láyí fi gbé fóònù jìnnà sí etí. Ohun tó mú wọn wá sórí pápá lónìí nìyẹn. Bí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n yìí bá ṣe bí mẹ́fà yẹn, Christabel á gba ọ̀ọ́dúnrún àwo lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí àwọn ẹgbẹ́ láti Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Àbújá ń bọ̀ wá figa gbága.

Ẹ má fojú kéré ọ̀ọ́dúnrún o. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni Ọ̀gá Láyí ní nínú ṣẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ìdérí bókẹ́ẹ̀tì ló ń fi ṣe, títí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta bókẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú ìdérí lórí rẹ̀. Kí iṣẹ́ àwo tó dé, odindi oṣù mẹ́rin ni ẹ̀rọ náà kì í jí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́sẹ̀. Ìjọ kan sì ti wá wọn ilẹ̀ ṣẹ́ẹ̀dì náà lẹ́ẹ̀mejì lọ́dọ̀ onílé. Wọ́n ní ibi tí ẹ̀rọ wà gan-an ni pẹpẹ máa wà. Bí iṣẹ́ àwo bá bọ́, ẹ̀rọ á di irin àlòkù, Ọ̀gá Láyí á di ọmọ ìjọ.

Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ méjèèjì wà níbẹ̀. Níyì ló ń tọ́jú ẹ̀rọ, ọdún kẹjọ rẹ̀ rèé, kì í sọ̀rọ̀ bí ọ̀rọ̀ kò bá pọn dandan. Saidat, ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta láti Ògbómọ̀ṣọ́, ló ń fi abẹ gé etí àwo kó dán, tó sì ń fi máàkà kọ déètì sí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Abẹ rẹ̀ mú. Ẹnu rẹ̀ mú jù ú lọ.

"Ó yá, Múyìwá," Christabel sọ.

Múyìwá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí apá rẹ̀ gùn bí ìgbálẹ̀ òyìnbó, mú àwo kan, ó sáré ìṣísẹ̀ mẹ́ta, ó jù ú. Àwo náà gba ojú afẹ́fẹ́ lọ bí ẹni tó mọ ilé, ó tẹ̀ sósì díẹ̀, ó sì wọ inú ṣéènì, ṣààràṣà!

"Mo ní ńkọ́!" Ọ̀gá Láyí fò sókè. "Ìdérí bókẹ́ẹ̀tì ò sí níbí o! Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ọwọ́ mi fún yín."

Múyìwá ju èkejì. Ó ya ọ̀tún, ó ń yà á lọ, ó sì sọdá pápá lọ bá bàbá Muadh, ọlọ́dẹ ilé-ìwé, tó ń fi búrẹ́dì bọ tíì nídìí géètì. Kọ́ọ̀bù fò, búrẹ́dì fò, bàbá Muadh náà fẹ́ẹ̀ fò.

"Ṣé èmi náà wà nínú eré yìí ni?" ó béèrè.

Ẹ̀kẹta gòkè, ó dúró bí ẹni tó ń ronú, ó sì yí sósì pátápátá, ó lọ há sórí igi dóńgóyárò. Ẹ̀kẹrin bọ́ sílẹ̀ bí ẹyẹlé tí wọ́n sọ lókò. Nígbà tí wọ́n fi ju mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tán, kò sí igun pápá tí àwo ò sí. Ẹni tó bá wò ó láti ọ̀ọ́kán á rò pé ilé àwo kan ló bú gbàù.

Christabel fi pépà kékeré lẹ ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń kó wọn jọ, ó ń kọ ọ́ síbẹ̀: ọ̀tún, òsì, tààrà. Kò pariwo. Ìyẹn gan-an ló dẹ́rù ba Ọ̀gá Láyí.

"Ọ̀gá Láyí," ó ní, "mi ò ní kẹ́ ẹ fún mi ní àwo tó dára jù láyé. Mo fẹ́ kí èyí tí mo mú lónìí ṣe bí èyí tí mo mú lánàá. Bí mo bá jù ú tó ṣìnà, ó yẹ kí n mọ̀ pé ọwọ́ mi ló ṣì. Pẹ̀lú tiyín yìí, báwo ni mo ṣe máa mọ̀? Ẹ kó mẹ́wàá wá ní Sátidé tó ń bọ̀. Mẹ́wàá péré. Bí wọn ò bá gba ojú ọ̀nà kan náà, mo máa gbé móòdù wa lọ síbòmíì. Ẹ má bínú sí mi o, ẹ jọ̀ọ́."

Gbogbo ojú wá wà lára Ọ̀gá Láyí. Ọwọ́ tó gbé sókè láàárọ̀ ṣì wà lókè díẹ̀, kò mọ ibi tó máa gbé e sí. Ìgbà tó máa gbé e sílẹ̀, ó nà án sí Níyì.

"Ẹ bi í! Ẹ bi ọ̀gbẹ́ni yìí! Èmi ni mo ń wọn rọ́bà, òun ló ń dáná sí i. Ohun tí mo wọn kò lè ṣì. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi ń kọ́ ọ níṣẹ́, wo ohun tó fi san án fún mi lójú àwọn ọmọlúàbí! Olódo ni! Ó ń sùn nídìí ẹ̀rọ ni!"

Bàbá Muadh pàápàá kò jẹ búrẹ́dì mọ́.

Níyì yọ ìbọ̀wọ́ iṣẹ́ rẹ̀ lápò ẹ̀yìn, ó ká a sí méjì, ó gbé e lé orí páálí.

"Ọ̀gá, ẹ wo déètì tó wà nídìí wọn," ó ní. Ó gba ẹnu géètì lọ.

"Jẹ́ kó lọ!" Ọ̀gá Láyí ké. "Ìdí ẹ̀rọ ò ní ṣófo!"

Saidat gbé páálí lé orí. "Ọ̀gá," ó ní, "ẹsẹ̀ tẹ́ ẹ fi ń rìn lẹ sọ pé kó máa lọ yẹn."

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, Ọ̀gá Láyí fúnra rẹ̀ dúró ti ẹ̀rọ. Ó ní iná ìjọba ló ń fà á, torí ó ń lọ sókè sódò bí ìbà. Ó tan jẹnẹrétọ̀. Ó wọn rọ́bà bó ṣe máa ń wọ̀n ọ́n: kóńgò tuntun mẹ́jọ, kóńgò àlọ̀tún méjì, ó fi ọwọ́ tún un ṣe díẹ̀, ó dà á sẹ́nu ẹ̀rọ. Àlọ̀tún ni rọ́bà tí wọ́n ti lò rí, tí wọ́n lọ̀ padà sí wẹ́wẹ́; ó rọ̀ ju tuntun lọ. Ó da àwo mẹ́jọ, ó gbé wọn lọ sí ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀dì, ó jù wọ́n síbi tí ilẹ̀ gbalasa wà. Wọ́n ya ọ̀tún. Ó ní kì í ṣe iná nígbà náà, omi tó ń tu móòdù ló gbóná jù. Ó fi yìnyín sómi. Tùsídeè, wọ́n ya òsì. Ó bú omi. Ó bú móòdù. Ó bú ẹni tó gbẹ́ móòdù àti ìdílé ẹni tó gbẹ́ móòdù. Kò sí nǹkan nínú ṣẹ́ẹ̀dì yẹn tí kò fẹ̀sùn kàn, àfi ara rẹ̀.

Kò lè jẹun ọ̀sán. Ó ń wo ibi tí ẹ̀rọ wà, ó ń rí pẹpẹ, ó ń rí òdòdó oníke méjì lórí rẹ̀. Ẹni tó bá ń pariwo káàkiri, bí ẹ bá rí i tó dákẹ́, ẹ bi í ohun tó ṣe é. Ní Wẹ́sìdeè, láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, kò sọ ju "hẹn" lọ.

Saidat ló tẹ́ ẹní sílẹ̀. Ó kó àwo mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n jáde nínú páálí, ó dojú wọn dé, ó ń tò wọ́n.

"Kí lò ń ṣe yẹn?"

"Níyì ní kẹ́ ẹ wo déètì. Ẹ ò wò ó. Èmi tí mo kọ ọ́ ni mo ń wò ó." Ó tọ́ka sí ìlà kan. "Ọjọ́ kẹsàn-án. Márùn-ún. Ẹ ka ohun tí Àǹtí Christabel lẹ̀ mọ́ wọn."

"Ọ̀tún. Ọ̀tún. Ọ̀tún... ọ̀tún ni gbogbo wọn."

"Kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kẹsàn-án?"

Ọ̀gá Láyí ronú. "Ọjọ́ tí Christabel pariwo sí mi létí lórí fóònù nìyẹn. Nípa mẹ́fà àkọ́kọ́."

"Inú yín dùn."

"Inú mi dùn kọjá ààlà. Ìwọ náà rí mi, mo jó."

"Ọjọ́ kọkànlá. Òsì ni gbogbo wọn. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Àwọn ará ìjọ yẹn ló wá. Wọ́n na téèpù kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ mi, wọ́n tún ń kọrin."

"Inú ń bí yín."

"Saidat, níbo lò ń lọ?"

"Mi ò lọ síbì kankan. Ọjọ́ kẹtàlá: ọ̀tún. Ọjọ́ tí àbúrò yín bí ọkùnrin. Ọjọ́ kẹrìnlá rèé, èyí tó ń bọ́ lulẹ̀ bí òkúta. Ọjọ́ tí eyín ń dùn yín." Ó fi ìka kan ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo kan ṣoṣo tó kù. "Èyí tó wọ ṣéènì ní Sátidé rèé. Tààrà. Ọjọ́ kejì. Mẹ́fà tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ ńkọ́? Ọjọ́ kejì kan náà ni mo kọ sí wọn nídìí. Níbo lẹ wà lọ́jọ́ kejì, Ọ̀gá?"

Ọ̀gá Láyí ka ọjọ́ lórí ìka. Ìjẹ̀bú-Igbó. Ó lọ síbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ bàbá ìyàwó rẹ̀. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ló kúrò ní Mùṣín, alẹ́ ló dé.

"Ta ló wọn rọ́bà lọ́jọ́ náà?" Saidat béèrè. Ó mọ̀. Ó kàn fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ ni.

Ọ̀gá Láyí dìde, ó fa àpò rọ́bà tuntun àti àpò àlọ̀tún sún mọ́ra.

"Ó dáa. Wá wo ọwọ́ mi. Wò ó dáadáa, kó o wá fi ẹnu ara rẹ tọrọ àforíjì." Ó wọn tuntun mẹ́jọ. Ó wọn àlọ̀tún kan. Ó wọn èkejì, ó dà á. Ọwọ́ rẹ̀ sì padà sínú àpò, wọ́ọ́rọ́wọ́, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó gbé e bọ̀.

Saidat di ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ mú. "Kí lèyí?"

Ọ̀gá Láyí wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tó bá ọwọ́ ẹlòmíì lápò rẹ̀.

"Ènì ni," ó ní.

Ènì ni lóòótọ́. Ìyá rẹ̀ ta gàrí ní ọjà Oto fún ọgbọ̀n ọdún, abẹ́ àtẹ rẹ̀ ni Láyí ti mọ kóńgò kó tó mọ ìwé. Wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á sì fi ọwọ́ bu díẹ̀ lé e fún oníbàárà. "Láyí, kóńgò tí kò ní ènì, oníbàárà tí kò ní padà," ni ìyá rẹ̀ máa ń sọ. Bí inú ìyá náà bá dùn, ènì á kún ọwọ́. Bí inú bá ń bí i, kóńgò gan-an kò ní kún. Ọmọ rẹ̀ kó gbogbo rẹ̀ wá sídìí ẹ̀rọ láìmọ̀. Bí àlọ̀tún bá lé, etí àwo á rọ̀ wálẹ̀ nígbà tó bá ń tutù, àwo á ya ọ̀tún. Bí ó bá dín, etí á gbé sókè, àwo á ya òsì. Ìdérí bókẹ́ẹ̀tì kò mọ̀ ọ́n, torí ìdérí bókẹ́ẹ̀tì kì í fò. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú ò rí, afẹ́fẹ́ rí i.

"Ènì ò pa èèyàn rí!" Ọ̀gá Láyí ké.

"Kò pa èèyàn. Ẹ tún un wọ̀n."

Ó tún un wọ̀n, ojú rẹ̀ wà lára ọwọ́ rẹ̀ bí ìgbà tí ọlọ́pàá ń ṣọ́ olè. Tuntun mẹ́jọ, àlọ̀tún méjì, ó sì tún padà. "Ọwọ́ yín ti ń lọ," Saidat sọ. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó fi ọwọ́ òsì di ọwọ́ ọ̀tún mú, ọwọ́ òsì wá ń lọ bu ènì dípò rẹ̀. Níkẹyìn, ọkùnrin ọdún méjìléláàádọ́ta yìí jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó sì fi ìdí lé ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì. Saidat tó fẹ́ rẹ́rìn-ín wò ó lójú, ó sì gbé ẹ̀rín náà mì.

Ẹ̀yìn Ojú Ẹlẹ́gbà ni Níyì ń gbé, ní àjà kẹta. Ọ̀sán Tọ́sìdeè ni Ọ̀gá Láyí dé ibẹ̀. Níyì tú fáànù aládùúgbò kan palẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó ń nù ún. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ṣẹ́ẹ̀tì òun kan ilẹ̀.

"Ẹ káàsán, Ọ̀gá."

"Mo kàn ń kọjá ni," Ọ̀gá Láyí sọ, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ẹ kọjá láti Mùṣín, ẹ wá gun àtẹ̀gùn dé àjà kẹta?"

"Níyì, má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Eyín tún ń dùn mí." Ó wá ibi jókòó, kò rí, ó jókòó lórí àtẹ̀gùn. "Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, pé kẹ́ ẹ máa fi rúlà fá ojú kóńgò. Ẹ̀ẹ̀kíní, ẹ ní mo ti fẹ́ di ọ̀gá. Ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀ẹ̀kẹta, iwájú oníbàárà ni, ẹ ní kí n lọ fi rúlà mi wọn irun imú mi."

"Ọ̀rọ̀ yẹn pa wọ́n lẹ́rìn-ín."

"Ó pa wọ́n lẹ́rìn-ín."

Fáànù tó wà nílẹ̀ láàárín wọn kò ní apá kankan lára. Ọ̀gá Láyí ń wò ó. Ó ti mú òwe bí i mẹ́fà dání láti ilé, gbogbo wọn sì ti bọ́ dànù lórí àtẹ̀gùn.

"Mo bẹ̀ ọ́," ó ní. "Wá bá mi da mẹ́wàá."

Níyì nu irin kan, ó gbé e sílẹ̀. "Mo máa wá ní Fúráìdeè. Ohun méjì ni. Ẹ ò ní wọ ṣẹ́ẹ̀dì nígbà tí mo bá ń wọ̀n ọ́n. Èkejì, ohun tẹ́ ẹ sọ lórí pápá, orí pápá ni kẹ́ ẹ ti kó o padà."

"Lójú gbogbo wọn?"

"Lójú gbogbo wọn lẹ ti sọ ọ́."

Ní Fúráìdeè, Ọ̀gá Láyí jókòó síta, lórí bókẹ́ẹ̀tì tó dojú dé, lẹ́nu ọ̀nà ṣẹ́ẹ̀dì ara rẹ̀. Àwọn tó ń kọjá kí i, wọ́n ní, "Ọ̀gá, ṣé kò sí?" Ó ní kò sí. Ó ń gbọ́ bí kóńgò ṣe ń bu rọ́bà, ó ń gbọ́ bí rúlà ṣe ń fá ojú kóńgò kó tẹ́ pẹrẹsẹ, ṣàà, èyí tó lé á sì padà sínú àpò. Ìró yẹn ń dùn ún bíi kí ẹnì kan máa gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ. Lẹ́yìn wákàtí kan, ó gbọ́ tí Níyì ní, "Gbà, ìwọ náà fá a," ó sì gbọ́ rúlà lọ́wọ́ Saidat. Ó rò ó pé kí ló dé tí Níyì fi ń kọ́ Saidat. Kò béèrè. Wọ́n to àwo sórí pákó tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan kó tutù, kò sí èyí tó gun èkejì lórí.

Sátidé pé. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ń gbá bọ́ọ̀lù ní ìdajì pápá, torí náà Christabel ní kí wọ́n dojú kọ ẹ̀gbẹ́ kejì, níbi tí ògiri kúkurú kan wà. Wọ́n gbé agbọ̀n síbẹ̀. Èrò pọ̀ ju ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ. Ìròyìn àwo tó bú gbàù ti kálẹ̀. Bàbá Muadh gbé tíì rẹ̀ lọ sẹ́yìn òpó góòlù.

Níyì di páálí mú mọ́ àyà. Kò ṣí i. Ó ń wo Ọ̀gá Láyí.

Ọ̀gá Láyí jáde síwájú. "Ẹ̀yin èèyàn mi," ó bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ dún dáadáa, "àgbà tó bá ṣubú, a kì í béèrè pé kí ló..."

Saidat wúkọ́.

Ó dúró. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti ń gòkè. Ó fà á wálẹ̀, ó tì í bọ àpò.

"Èmi ni," ó ní. "Níyì ò ṣe nǹkan kan. Àwo mẹ́fà tó dára yẹn, òun ló wọ̀n wọ́n, mi ò sí nílé. Àwọn tó ṣìnà, èmi ni mo wọ̀n wọ́n. Ọwọ́ tí mo gbé sókè fún yín níbí, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni mo fi ń yangàn, mo sì wá fi tèmi nà án sójú. Kì í ṣe olódo. Mo ṣì í bú."

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Ó rò pé wọ́n máa pàtẹ́wọ́ díẹ̀.

Níyì ṣí páálí.

Múyìwá sáré ìṣísẹ̀ mẹ́ta, ó ju àkọ́kọ́. Ó lọ tààrà, ó lọ dáadáa, ó fẹ́ẹ́ dé agbọ̀n, ló bá tẹ̀ sósì díẹ̀ bí ọmọ tó ń kí àgbà, ó kọjá lórí ògiri kúkurú, ó sì bọ́ sínú gọ́tà tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Pọ̀ọ̀!

Ọ̀gá Láyí di ejìká Saidat mú. Ó ti tẹ́, ó tún ti pàdánù. Nǹkan méjèèjì lówùúrọ̀ kan. Ó rí pẹpẹ. Ó rí òdòdó oníke.

"Jẹ́ kí n gbé ọwọ́ sọ́tùn-ún díẹ̀," Múyìwá sọ.

"O ò gbọdọ̀!" Christabel ní. "Bó o bá yí ọwọ́ padà, a ò dán nǹkan kan wò. Jù ú bó o ṣe ju ti àkọ́kọ́."

Èkejì lọ tààrà, ó tẹ̀ sósì, ó kọjá lórí ògiri. Pọ̀ọ̀!

Ẹ̀kẹta. Pọ̀ọ̀!

Christabel ti gun orí ògiri, ó ń wo inú gọ́tà, ojú rẹ̀ sì ń yí padà. Nígbà tó di ẹ̀karùn-ún, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ojú kan náà ni!" ó ké. "Orí ara wọn ni wọ́n ń bọ́ sí!" Ni èrò bá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á: ẹ̀kẹfà, pọ̀ọ̀! Ẹ̀keje, pọ̀ọ̀! Àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù pa bọ́ọ̀lù tì. Ẹ̀kẹjọ, ẹ̀kẹsàn-án, ìgbà tí ẹ̀kẹwàá fi kọjá lórí ògiri, gbogbo pápá ló kí i ní "Pọ̀ọ̀!" kó tó balẹ̀.

"Mo gbà á," Christabel sọ láti orí ògiri. "Ọ̀ọ́dúnrún. Ẹni tó bá ń ṣe ohun kan náà lójoojúmọ́, a mọ bí a ṣe ń bá a lò; a kàn máa gbé ọwọ́ sọ́tùn-ún ni. Mẹ́wàá yìí ni òṣùwọ̀n wa o. Gbogbo èyí tẹ́ ẹ bá dà, ẹ̀gbẹ́ wọn la máa jù ú sí kí n tó gbà á."

Ọ̀gá Láyí! Ọkùnrin tó fẹ́ẹ́ ṣubú lẹ́ẹ̀kan ti fò dìde. Ó gbá ọwọ́ Níyì mú, ó gbé e sókè, ó ń yí i síwá sẹ́yìn. "Ẹ wo ọwọ́ yìí! Òṣùwọ̀n ni! Èmi ni mo kọ́ ọ! Láti òní lọ, Níyì ló ni kóńgò, Níyì ló ni rúlà, èmi àti ọwọ́ yìí ò ní ya ara wa títí..."

"Ọ̀gá," Níyì sọ jẹ́ẹ́jẹ́, "Mọ́ńdè ni mo ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìsọlọ̀. Mo ti gbà láti Wẹ́sìdeè. Saidat ti mọ rúlà lò."

Ọwọ́ Níyì ṣì wà lókè lọ́wọ́ Ọ̀gá Láyí, kò sì sí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe máa gbé e wálẹ̀. Níyì ló rọra fa ọwọ́ rẹ̀ padà, ó sì ń wo ilẹ̀. Christabel ń wo Múyìwá, Múyìwá ń wo bàtà rẹ̀.

Saidat gun orí ògiri lọ dúró ti Christabel, ó wo omi dúdú tó wà nísàlẹ̀, níbi tí òṣùwọ̀n mẹ́wàá ti ń rì díẹ̀díẹ̀.

"Ọwọ́ ta ló máa wá wọ gọ́tà yìí?" ó béèrè.